Omi Niagara láti apá Amẹ́ríkà: ṣé ó tó nǹkan tí à ń gbé òbí lọ wò?

Ọmọ_Bẹẹrẹ béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá àti màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ, Rochester ni a ń gbé. Wọ́n fẹ́ rí omi Niagara, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, ṣùgbọ́n físà Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ní, kò sí ti Kánádà. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé apá Kánádà ni nǹkan wà, pé igi àti koríko lásán ló wà lápá tiwa.

Ẹsẹ̀ bàbá ṣì le dáadáa. Orúnkún ló ń yọ màmá lẹ́nu, wọn kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a kọ́kọ́ lọ, aago mélòó ló sì dára jù? Ohun kejì ni pé olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Wọn yóò fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà, ìgbà tó di ọgbà ìgbafẹ́ àti ohun tó fà á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n béèrè kí n máa wo òkè.

Arìnnàkore fèsì:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò. Ẹni tó sọ pé igi àti koríko ló wà níbẹ̀, Prospect Point, ibi ìwòran tó wà létí omi lápá ìlú, ló dúró sí, ó ya fọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti Kánádà, èèyàn á rí omi náà lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo rẹ̀ á tò lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Láti Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an lẹ máa dúró sí, níbi tí omi ti ń ré kọjá létí àpáta. Ní tèmi o, ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára omi yẹn, apá Amẹ́ríkà ló yẹ kó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa gun àpáta lọ sókè ní ìpele ìpele. Ti Niagara kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni mọ́tò ń gbé èèyàn dé, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀ kó tó já. Àtisọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun ló lágbára, lífìtì sì wà fún ìyẹn. Nítorí náà màmá á rí ibi tó pọ̀ jù láìgun àtẹ̀gùn kankan.

Ibi mẹ́ta ni omi ti ń já: American Falls, Bridal Veil tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àti Horseshoe tó tóbi ju méjèèjì lọ, tó tẹ̀ kọrọdọ, tó sì ga tó mítà 57. Erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Luna wà láàárín American Falls àti Bridal Veil. Goat Island ló wà láàárín àwọn méjì yìí àti Horseshoe. Goat Island ni kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ lọ tààrà. Afárá wọ ibẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà. Wọn kì í gba owó ìwọlé ọgbà. Owó ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ń gbà, àti ti ilé ìṣọ́ gíga, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti Cave of the Winds, ìyẹn ọ̀nà ìrìn tó wà nísàlẹ̀ Bridal Veil. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, pàápàá tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Tó bá di ọ̀sán nínú oṣù Kẹjọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún, ẹ ó sì pàdé ìlà gígùn níbi tíkẹ́ẹ̀tì.

Òkè odò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní Three Sisters Islands. Àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ ni, afárá kéékèèké so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí odò náà bó ṣe ń dà gììrì lórí òkúta bọ̀ wá síbi tó ti fẹ́ já. Ẹni tí kò bá rí èyí kò tíì mọ ibi tí ariwo yẹn ti ń wá. Ẹ kíyè sí i o: omi ibẹ̀ dà bí èyí tí kò jìn, àwọn kan á bọ́ bàtà láti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má dán an wò. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, omi náà yára, kò sì sí ohun tí èèyàn lè dì mú láàárín ibẹ̀ àti etí Horseshoe.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Terrapin Point, tó wà létí Horseshoe gan-an. Àárọ̀ ló dára jù níbẹ̀, nítorí ìlà oòrùn ni oòrùn wà, ẹ̀yìn yín ló máa wà bí ẹ bá kọjú sí ọ̀gbun. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn èèyàn tí omi tó ń fọ́n sì wà níwájú rẹ̀, òṣùmàrè á yọ. Lọ́sàn-án, ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn á ti máa tàn wá sí ojú American Falls àti Bridal Veil. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cave of the Winds.

Kò sí ihò kankan mọ́ ní Cave of the Winds. Ihò tòótọ́ wà lẹ́yìn Bridal Veil nígbà kan, ṣùgbọ́n àpáta ya lulẹ̀ ní 1954, wọ́n sì fi àdó olóró fọ́ ìyókù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lífìtì ni yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀ nǹkan bí mítà 53, lẹ́yìn náà ẹ ó máa rìn lórí pátákó onígi tí wọ́n tẹ́ sórí òkúta. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń tú pátákó wọ̀nyí nígbà tí òtútù bá fẹ́ dé, nítorí yìnyín á fọ́ ọ túútúú, wọ́n á tún kàn án nígbà tí yìnyín bá yọ́. Òkè pátápátá ni Hurricane Deck wà, nǹkan bí mítà mẹ́fà péré sí ibi tí omi ti ń já. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, omi á nà án bí ẹ̀gba. Àtẹ̀gùn ló gba ibẹ̀ lọ. Kí màmá dúró lórí pátákó ìsàlẹ̀, wọ́n á rí omi dáadáa, kí bàbá máa gòkè.

Ọkọ̀ ojú omi Maid of the Mist ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ wọ lífìtì nínú ilé ìṣọ́ gíga tó wà ní Prospect Point, yóò gbé yín dé ìsàlẹ̀ ọ̀gbun, ẹ ó sì rìn díẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀. Ìrìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Láti 2020, iná bátìrì ló ń wa àwọn ọkọ̀ náà, kò sí èéfín, kò sì sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ìjókòó kò sí, nítorí náà kí màmá dúró ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi irin tí wọ́n lè dì mú.

Lórí aṣọ: wọ́n á fún yín ní aṣọ òjò onírọ́bà, àmọ́ orí àti ara nìkan ló bò. Kí màmá má wọ ìró tó balẹ̀, á fa omi, á sì wúwo. Kí gèlè dúró sílé, afẹ́fẹ́ inú ọ̀gbun yẹn kò mọ gèlè. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì. Fóònù, inú ọ̀rá tí wọ́n di ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ dání sínú ọkọ̀.

Etí_Bodè fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún ti Arìnnàkore, torí ó lè ba ọjọ́ náà jẹ́. Afárá Rainbow tó lọ sí Kánádà kò jìnnà rárá sí Prospect Point. Bí ẹ bá kọ "Niagara Falls" lásán sínú máàpù fóònù, ó lè darí yín sí apá Kánádà, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ti wà lójú ọ̀nà afárá. Ẹ kọ "Niagara Falls State Park" tàbí "Goat Island", kẹ́ ẹ sì rí i pé New York ló kọ síbẹ̀.

Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò gbé èèyàn wọ Kánádà. Ẹni tó bá kọjá sórí afárá láìní físà wọn, àwọn aṣọ́bodè Kánádà á dá a padà, àwọn ti Amẹ́ríkà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé rẹ̀ wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun. Wàhálà tí àgbàlagbà kò nílò ni. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà wọn dání o, nítorí ìlú ẹnubodè ni ibẹ̀, àwọn aṣọ́bodè sì lè béèrè rẹ̀.

Akọ̀wé_Àgbà fèsì:

Bàbá á gbádùn ìtàn yìí. Ìjà lórí ẹni tó yẹ kó ni ohun tí Ọlọ́run dá ni.

Ilẹ̀ àwọn Haudenosaunee, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni, àwọn Seneca tó wà lára wọn ló sì sún mọ́ ibẹ̀ jù. Òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ ohun tó rí níbẹ̀ sínú ìwé ni Louis Hennepin, àlùfáà Kátólíìkì tó débẹ̀ ní 1678, ó sì bù mọ́ gíga omi náà gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ New York, wọ́n tà á fún àwọn aládàáni. Ìdílé Porter ra Goat Island ní 1816. Oore ńlá tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n gé igbó ibẹ̀, òun la ṣì ń rìn lábẹ́ ìbòji rẹ̀ títí di òní.

Etí odò ní ìlú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n kọ́ ilé ìlọ ọkà síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ pépà, wọ́n gbé pátákó ìpolówó síwájú omi, wọ́n wá ṣọgbà yí ibi gbogbo ká. Ní nǹkan bí 1860 sókè, kò sí ibì kan mọ́ ní apá Amẹ́ríkà tí èèyàn ti lè wo omi yẹn láìsanwó fún onílẹ̀. Ẹ rò ó wò: odò ń ṣàn, ẹnì kan ń gba owó ojú!

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frederick Law Olmsted, ẹni tí òun àti Calvert Vaux ya àwòrán ọgbà Central Park ní New York, bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ní 1869 pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán Frederic Church wà lára àwọn tó dìde sí i. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n gba ìbuwọ́lù àwọn èèkàn ìlú, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Gómìnà kan ṣètìlẹ́yìn, èyí tó tẹ̀ lé e kọ̀ jálẹ̀. Ní 1883, gómìnà Grover Cleveland, tó padà di ààrẹ, fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba ra ilẹ̀ náà padà. Owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n san. Ọjọ́ 15 oṣù Keje 1885 ni wọ́n ṣí i fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni wọ́n kà sí ọgbà ìpínlẹ̀ tó pẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Kánádà ṣí tiwọn lápá kejì ní 1888.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wó àwọn ilé iṣẹ́ etí odò. Ní 1887, Olmsted àti Vaux gbé ètò wọn jáde. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: ẹ má gbé ère síbẹ̀, ẹ má gbin òdòdó olówó ńlá, ẹ má tajà létí omi, ẹ la ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí igi hù, kí èèyàn rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ibi tí omi wà. Ìdí nìyẹn tí apá Amẹ́ríkà fi dà bí igbó, tí apá kejì sì kún fún òtẹ́ẹ̀lì gíga. Àwọn tó ń pe ibẹ̀ ní "igi àti koríko lásán" kò mọ̀ pé èèyàn jà fún igi yẹn fún ọdún 16. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n padà kọ́ sí Prospect Point tako ètò Olmsted pátápátá. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí wọ́n wó o, torí òun ni lífìtì tó ń gbé àwọn arúgbó àti ẹni tó wà lórí àga onítáyà dé ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé bí ẹnikẹ́ni bá pìtàn fún wọn pé àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń fi wúńdíá rúbọ sí omi yẹn, irọ́ ni. Àwọn oníṣòwò ló hùmọ̀ rẹ̀ láti fi fa èrò. Àwọn Haudenosaunee fẹ̀hónú hàn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì jáwọ́ nínú sísọ ọ́ ní 1996.

Ọmọ_Omi fèsì:

Akọ̀wé ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, nítorí òun ló máa sọ aago tó yẹ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo odò náà ló ń já o. Ní ìpíndọ́gba, odò Niagara ń gbé nǹkan bí kúbíìkì mítà 5,700 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà àti Kánádà tọwọ́ bọ àdéhùn ní 1950 lórí iye tó gbọ́dọ̀ kù fún olùwòran. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, ó kéré tán kúbíìkì mítà 2,832 gbọ́dọ̀ já ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ìyẹn ń parí. Ní gbogbo àkókò tó kù, títí kan gbogbo ìgbà òtútù, ìdajì rẹ̀ péré ni, 1,416. Èyí tó kù ń gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ìdídò onílẹ̀kùn 18 tó wà lókè Horseshoe ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Nínú èyí tó bá já, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń gba Horseshoe. American Falls àti Bridal Veil ló pín ìyókù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń lọ nínú oṣù Kẹjọ á rí i ní kíkún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń tàn sí i lálẹ́, ẹ wò ó kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìdí tí òkúta fi kún ìsàlẹ̀ American Falls: àpáta líle ló wà lókè, èyí tó rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Omi àti yìnyín ń jẹ èyí tó rọ̀, tó bá yá, tòkè á yọrí síta láìní ohun tó gbé e ró, á sì ya. Bẹ́ẹ̀ ni omi náà ṣe rìn sẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 11 láàárín nǹkan bí ọdún 12,000. Nínú oṣù Keje 1954, apá ńlá kan ya lulẹ̀ ní Prospect Point. Ní 1969, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà dí omi American Falls pátápátá, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n kó òkúta yẹn kúrò. Àpáta gbẹ, èrò wá wò ó. Wọ́n fi irin de àwọn ibi tó ti sán, ṣùgbọ́n wọ́n gbà níkẹyìn pé kí òkúta náà wà níbi tó wà. Ìpinnu tó dára ni lójú mi.

Mànàmáná náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ Adams, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1895 pẹ̀lú ọgbọ́n Nikola Tesla, onímọ̀ mànàmáná, iná ibẹ̀ sì dé Buffalo nínú oṣù Kọkànlá 1896. Ère Tesla wà lórí Goat Island. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Schoellkopf, wà lábẹ́ ọ̀gbun. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1956, omi jò wọlé láti ara àpáta ẹ̀yìn rẹ̀, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wó sínú odò, ó sì pa òṣìṣẹ́ kan. Ẹ lè rí àwókù rẹ̀ títí di òní, lífìtì sì wà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọmọ_Bẹẹrẹ fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa èèyàn dúdú? Mo mọ̀ pé bàbá á béèrè.

Akọ̀wé_Àgbà fèsì:

Ó wà, ó sì pọ̀. Láti 1834 ni òfin ti fòpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Kánádà. Nítorí náà, odò yẹn ni ààlà láàárín ẹrú àti òmìnira. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó ń jẹ́ Cataract House wà létí odò, lórí ilẹ̀ tó ti di ara ọgbà báyìí. Èèyàn dúdú ni gbogbo àwọn agbáwo ibẹ̀. Àwọn olówó ẹrú láti gúúsù á wá gbafẹ́ síbẹ̀, wọ́n á mú ẹrú wọn dání. Àwọn agbáwo yìí á máa ran àwọn ẹrú náà lọ́wọ́ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á mú wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já, wọ́n á sì wà wọ́n kọjá lọ sí Kánádà. John Morrison, olórí àwọn agbáwo, wà lára àwọn tó ń tukọ̀ náà fúnra rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn jóná ní 1945.

Ní 1856, Harriet Tubman, obìnrin dúdú tó máa ń kó ẹrú sá lọ sí òmìnira, mú Joe Bailey àti àwọn mìíràn gba orí afárá rélùwéè tó wà nígbà yẹn kọjá. Wọ́n ti tú afárá náà, ṣùgbọ́n òpó òkúta rẹ̀ ṣì wà nítòsí afárá Whirlpool. Ní 1905, W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé èèyàn dúdú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Fort Erie, lódìkejì odò sí Buffalo, láti jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú. Niagara Movement ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, òun ló sì ṣínà fún NAACP, ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ní 1909.

Ilé ìtàn Underground Railroad Heritage Center wà ní ìlú Niagara Falls, ó so mọ́ ibùdó rélùwéè. Underground Railroad ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ẹrú fi ń sá lọ sí òmìnira. 2018 ni wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ lẹ máa wọ̀ débẹ̀ láti ọgbà, kò jìnnà. Ìtàn àwọn agbáwo yẹn kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ ya wákàtí kan ààbọ̀ sọ́tọ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣí kẹ́ ẹ tó lọ, torí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́ bí ọgbà.

Arìnnàkore fèsì:

Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé ìtàn kún un, ẹ lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí èrò sì pọ̀ jù nínú ọgbà. Ìyẹn ni pé: Three Sisters àti Terrapin Point láàárọ̀, ilé ìtàn àti oúnjẹ lọ́sàn-án, Cave of the Winds àti ọkọ̀ ojú omi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra níbi tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ó ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Bí ẹsẹ̀ màmá bá rẹ̀ wọ́n, ọkọ̀ èrò kan wà tó ń yí ọgbà náà po, ó máa ń dúró láwọn ibi tí mo dárúkọ nínú ọgbà.